Kọ́lónì Dúdú Lórí XLD: Bí Ẹ Ó Ṣe Mọ̀ Bóyá Salmonella Ni, àti Irú Èyí Tó Jẹ́

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí: “Mo gbin wàrà tí mo rà ní Ṣábó, kọ́lónì dúdú hù lórí XLD. Ṣé kí n kọ Salmonella?”

Ẹ má tíì kọ ọ́. XLD ni agar, ìyẹn oúnjẹ bakitéríà inú àwo, tí a fi ń wá Salmonella; kọ́lónì ni òkìtì bakitéríà tó hù sórí rẹ̀. Dúdú yẹn kò sọ ju pé bakitéríà náà ń tú gáàsì hydrogen sulphide jáde, gáàsì ọ̀hún bá irin inú agar pàdé, ó di dúdú. Proteus ń ṣe bẹ́ẹ̀. Citrobacter ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ìdọ̀tí bá ti kan oúnjẹ, tàbí tí omi tí kò mọ́ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ ó bá àwọn méjèèjì yìí pàdé dáadáa. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo kì í sọ orúkọ bakitéríà. Bí àwọn àyẹ̀wò ṣe tẹ̀ léra ló ń sọ ọ́, bí ẹ bá sì fo ọ̀kan, gbogbo èyí tó wá lẹ́yìn rẹ̀ di àbá lásán.

Fún oúnjẹ, ẹ ya ọ̀sẹ̀ kan gbáko sọ́tọ̀. Ti ìgbẹ́ máa ń yá díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀.

## Ta ni ẹ ń wá gan-an?

Inú ẹbí Enterobacteriaceae ni Salmonella wà, pẹ̀lú E. coli, Klebsiella àti Shigella. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jọra lójú máíkróskóòpù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ojú lásán yà wọ́n. Ohun tí ẹ ó máa fi mọ̀ ọ́n nìyí (“dáhùn” túmọ̀ sí pé àyẹ̀wò tí a dárúkọ jẹ́ positive):

- Gram-negative ni, pupa ló máa ń hàn lẹ́yìn aró Gram. Ó rí bí ọ̀pá kúkurú, ó fẹ̀ tó 0.7 sí 1.5 µm, ó gùn tó 2 sí 5 µm. Kì í ní spore.
- Ó ń rìn. Irun tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ yí gbogbo ara rẹ̀ ká.
- Ó lè gbé níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ó sì lè gbé níbi tí kò sí.
- Oxidase: kò dáhùn. Catalase: ó dáhùn.
- Ó ń jẹ ṣúgà glucose, ó sì ń tú gáàsì jáde. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í jẹ lactose.
- Urease àti indole: kò dáhùn. Lysine decarboxylase àti citrate: ó sábà máa ń dáhùn.
- Hydrogen sulphide: ó sábà máa ń tú u jáde.

Ẹ kíyè sí “sábà” yẹn, torí pé àwọn tó ń rú òfin pọ̀ nínú wọn. Gallinarum àti Pullorum tó ń pa adìyẹ kì í rìn rárá. Typhi tó ń fa táífọ́ọ̀dù kì í tú gáàsì jáde nínú glucose, dúdú rẹ̀ kì í pọ̀, kò sì lè gbé lórí citrate. Paratyphi A ń tú gáàsì jáde ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà dúdú, lysine rẹ̀ kò sì dáhùn. Ẹni tó bá ń wá dúdú nìkan máa sọ Paratyphi A sínú garawa ìdọ̀tí láì mọ̀.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan

Typhi máa ń mú òṣìṣẹ́ láàbù fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fa pípẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣí àwo kí ẹ máa gbóòórùn rẹ̀, ẹ má jẹ ẹ̀pà nídìí tábìlì iṣẹ́. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí à ń ṣe nínú yàrá hóstẹ́ẹ̀lì, bó ti wù kí ìnáwó láàbù pọ̀ tó.

Ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò:

- Kóòtù láàbù, ìbọ̀wọ́, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn.
- Buffered peptone water, Rappaport-Vassiliadis tàbí selenite F (omi oúnjẹ tí a fi ń mú bakitéríà pọ̀ sí i).
- XLD, pẹ̀lú àwo kejì: MacConkey, SSA tàbí DCA (àwọn agar mìíràn tí a fi ń yan bakitéríà).
- Nutrient agar, TSI (agar inú túùbù tó ní ṣúgà mẹ́ta àti irin), urea, citrate, agar ìwòrìn (tí a fi ń wo bóyá ó ń rìn), lysine.
- Aró Gram, oxidase, omi oníyọ̀ 0.85%, antisera (omi tó ní antibody tó ń mú bakitéríà ṣù pọ̀) bó bá wà.
- Bakitéríà tí ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ ó máa dán wò pẹ̀lú tiyín.

Ọ̀rọ̀ iná ọba ńkọ́? Ínkúbétọ̀ tó kú lóru tí ẹ ò mọ̀ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ní ìlú wa. Ẹ ki tẹmómítà sínú ife omi kékeré kan nínú ínkúbétọ̀ náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí pé omi kì í tètè tutù, ó sì máa sọ fún yín bóyá ooru ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ má ka òru yẹn mọ́ wákàtí 24 yín. Lásìkò ọyẹ́, ẹ gbé abọ́ omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí agar má baà gbẹ kó sán.

Ìkìlọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò: ẹ má gbé XLD, SSA, DCA tàbí selenite F wọ inú autoclave (ẹ̀rọ tó ń fi ooru àti pírẹ́ṣà pa kòkòrò). Ẹ sè é títí yóò fi hó tí yóò sì yọ́ tán, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á sínú àwo. Selenite tó bá ti ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa bíi bíríkì nísàlẹ̀ ti jóná, ẹ dà á nù.

## Ìgbésẹ̀ láti ọjọ́ kìíní

1. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ara rẹ̀ mókun. Wọn oúnjẹ náà, 25 g, sínú 225 ml buffered peptone water, kí ẹ fi sí 37°C fún nǹkan bí wákàtí 18. Bakitéríà tó wà nínú wàrà tàbí ẹran ti rí ooru, ó ti rí iyọ̀, ó ti rí òtútù fíríìjì, agbára rẹ̀ ti dín kù. Bí ẹ bá sọ ọ́ sórí XLD tààrà, yóò kú. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ aláìsàn ni, ẹ lè fo èyí: ẹ fi díẹ̀ sínú selenite F, kí ẹ tún fa díẹ̀ sórí àwo lọ́jọ́ kan náà.

2. Ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín èrò. Fa 0.1 ml sínú 10 ml Rappaport-Vassiliadis, ní 41.5°C fún wákàtí 24. Bí ínkúbétọ̀ kan ṣoṣo tó wà bá ti wà ní 37°C fún àwọn ẹlòmíì, ẹ má yí i. Ẹ lo selenite F tàbí tetrathionate dípò rẹ̀, ìyẹn fara mọ́ 37°C.

3. Ẹ fà á sórí àwo méjì. XLD kan, àwo mìíràn kan, ní 37°C fún wákàtí 18 sí 24. Ẹ máa sun lúùpù pupa láàárín ìlà kan àti èkejì kí kọ́lónì lè dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwo tó kún bámúbámú láìsí kọ́lónì kan tó dá wà kò wúlò fún ohunkóhun.

4. Ẹ wò ó. Lórí XLD, Salmonella máa ń pupa, àárín rẹ̀ á sì dúdú. Lórí SSA, kò ní àwọ̀, àárín rẹ̀ dúdú. Lórí MacConkey, ó máa ń rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìsí àwọ̀. Èyí tó bá ní àwọ̀ ìyeyè lórí XLD sábà máa ń jẹ́ E. coli àti irú rẹ̀. Ẹ mú kọ́lónì bíi mẹ́ta sí márùn-ún, kì í ṣe ẹyọ kan, kí ẹ sì mú èyí tó pupa tí kò dúdú mọ́ ọn nítorí Paratyphi A.

5. Ẹ tún un gbìn sórí nutrient agar. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo èyí. XLD kì í pa gbogbo bakitéríà tó kù. Ó kàn tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n lè wà lábẹ́ kọ́lónì tó mọ́ gaara lójú yín, tí ẹ ó sì gbé wọn wọ inú TSI pọ̀.

6. Gram àti oxidase, láti orí nutrient agar. Oxidase láti orí MacConkey kò ṣeé gbára lé, torí pé ásíìdì tó ti inú lactose wá ń dà á rú. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí lúùpù ike ni kí ẹ fi mú un. Wáyà nichrome lè mú kó dáhùn lásán. Bó bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, kì í ṣe Salmonella, ẹ dúró níbẹ̀.

7. TSI, urea, citrate, agar ìwòrìn, lysine. Wáyà tó nà tààrà ni kí ẹ fi gún TSI dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tó fi fa orí rẹ̀ tó dagun. Ẹ má de ìdérí rẹ̀ pinpin.

8. Ẹ kà á láàárín wákàtí 18 sí 24. Salmonella: orí pupa, ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, gáàsì ti la agar, dúdú ti wà. Typhi: kò sí gáàsì, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo wà níbi tí orí àti ìsàlẹ̀ ti pàdé.

9. Antisera. Ìpín tirẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Nípa TSI, ẹ fi èyí kún un: ẹni tó bá kà á ní wákàtí 10 máa rí orí tó ṣì ní àwọ̀ ìyeyè, á ní ó ń jẹ lactose, á sì gbé Salmonella jù nù. Bí dúdú bá sì bo ìsàlẹ̀ tí ẹ ò rí àwọ̀ ìyeyè mọ́, ẹ kà á sí ìyeyè, torí pé ibi tí ásíìdì bá wà ni dúdú yẹn ti ń jáde.

## Aró Gram tó ń parọ́

Mo ń rí sláìdì tí wọ́n ní Gram-negative ni, tó sì jẹ́ Staphylococcus ni wọ́n fi acetone fọ̀ jù. Ògiri ara Gram-negative fẹ́lẹ́, awọ ìta tó lọ́ràá ló bò ó. Acetone á tú ọ̀rá yẹn, aró elésè-àlùkò á sì bá a jáde. Ti Gram-positive nípọn, ó ń di aró mú, ṣùgbọ́n bí acetone bá pẹ́ lórí rẹ̀, òun náà á tú u sílẹ̀.

1. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí sláìdì. Bí ẹ ò bá lè ka ìwé ìròyìn láti abẹ́ rẹ̀, ó ti nípọn jù.
2. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, kí ẹ tó gbé e kọjá lórí iná lẹ́ẹ̀mẹ́ta wéré.
3. Crystal violet, ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi omi ṣàn án.
4. Iodine Lugol, ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi omi ṣàn án.
5. Acetone, ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta péré, omi lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ọtí ethanol ni ẹ ń lò, ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i.
6. Safranin tàbí neutral red, ìṣẹ́jú kan sí méjì. Omi, kí ó gbẹ, kí ẹ tó fi òróró lẹ́ńsì 100 wò ó.

Lórí sláìdì kan náà, ẹ tẹ́ Staphylococcus aureus sí apá kan, E. coli sí apá kejì, tiyín sí àárín. Bí Staphylococcus bá pupa, ẹ má wo tiyín rárá, ẹ tún un ṣe. Èyí tó ti pẹ́ ju wákàtí 24 lọ lórí àwo náà lè parọ́ fún yín, torí pé Gram-positive tó ti gbó kì í di aró mú mọ́.

Tí aró ò bá sí, tàbí tí ó ń ṣe ségesège, potassium hydroxide 3% wà. Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí sláìdì, ẹ po kọ́lónì mọ́ ọn fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa gbé lúùpù sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá yọ̀, tó ń fà bí ilá, Gram-negative ni: ògiri rẹ̀ ti fọ́, DNA inú rẹ̀ ló ń fà yẹn. Mo fẹ́ràn èyí ju aró lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún yín bóyá ọ̀pá ni tàbí róbótó.

## Àwọn tó ń fara jọ ọ́

- Proteus: ó ń dúdú dáadáa. Urea rẹ̀ máa ń yí padà sí àwọ̀ osùn láàárín wákàtí díẹ̀, ti Salmonella kì í yí. Lórí nutrient agar, ó máa ń tàn kálẹ̀ bo gbogbo àwo. Òun ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù, bẹ́ẹ̀ túùbù urea kan ṣoṣo ti tó láti yọ ọ́.
- Citrobacter freundii: ó ń dúdú, ó ń rìn, kò ní urease tó lágbára, nígbà mìíràn kì í tètè jẹ lactose. Lysine ló ń tú u fó: tirẹ̀ kò dáhùn. ONPG rẹ̀ (àyẹ̀wò énsáìmù tó ń tú lactose) sì ń dáhùn.
- Edwardsiella tarda: ó dúdú, lysine rẹ̀ dáhùn. Indole rẹ̀ ń dáhùn, ti Salmonella kì í ṣe bẹ́ẹ̀.
- Pseudomonas: oxidase ti yọ ọ́ tipẹ́. TSI rẹ̀ kì í ní àwọ̀ ìyeyè rárá.
- Shigella: kì í rìn, kì í dúdú, lysine rẹ̀ kò dáhùn.

## Bí wọ́n ṣe pín Salmonella

Ibí ni ìwé àtijọ́ ti máa ń da orí rú, torí pé wọ́n ń ka gbogbo orúkọ sí ẹ̀yà. Ẹ̀yà méjì péré ló wà: Salmonella enterica àti Salmonella bongori.

Salmonella enterica pín sí abẹ́-ẹ̀yà mẹ́fà: enterica (I), salamae (II), arizonae (IIIa), diarizonae (IIIb), houtenae (IV) àti indica (VI). Nọ́ńbà V ni ti bongori tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ẹ̀yà tó dá dúró. Èyí tó ń mú ènìyàn àti ẹran ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná ni abẹ́-ẹ̀yà enterica. Àwọn yòókù sábà máa ń wà lára alángbá, ejò, ìjàpá àti inú àyíká.

Fún ìpínyà abẹ́-ẹ̀yà lórí tábìlì, àyẹ̀wò dulcitol (irú ṣúgà kan) àti malonate ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Abẹ́-ẹ̀yà enterica ń jẹ dulcitol, malonate rẹ̀ kò dáhùn. Ti arizonae àti diarizonae yí i padà. Malonate ti salamae dáhùn, ó sì ń jẹ dulcitol. Typhi tún ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ níbí, kì í jẹ dulcitol, bẹ́ẹ̀ abẹ́-ẹ̀yà enterica ló wà.

Lábẹ́ gbogbo èyí ni sẹ́róvà (irú Salmonella tí a fi antisera yà sọ́tọ̀) wà, wọ́n sì ju 2,500 lọ. Ètò Kauffmann-White-Le Minor ni wọ́n fi ń to wọ́n: O ni ti ara bakitéríà, H ni ti irun ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó lè ní ìpele méjì, Vi sì ni èèpo tí Typhi àti díẹ̀ mìíràn ní.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é:

1. Nutrient agar ni kí ẹ ti mú un, kì í ṣe XLD tàbí SSA.
2. Ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi oníyọ̀ nìkan. Bó bá ṣù pọ̀ láìsí antisera, kò ṣeé lò, ẹ mú kọ́lónì mìíràn.
3. Ẹ lo O alápapọ̀. Bó bá ṣù pọ̀, ẹ wá lo ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: A (O2), B (O4), C1 (O7), C2 (O8), D (O9).
4. Bí O bá kọ̀ tí TSI sì jọ ti Typhi, ẹ lo Vi. Bí Vi bá dáhùn, ẹ se bakitéríà náà nínú omi oníyọ̀ ní 100°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún O9 ṣe. Vi ló bo O mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀.
5. H ló kẹ́yìn, láti inú bakitéríà tó ń rìn dáadáa.

Bí àbájáde ṣe máa ń jáde nìyí:

- Typhi: 9,12,[Vi]:d:–
- Enteritidis: 1,9,12:g,m:–
- Paratyphi A: 1,2,12:a:[1,5]
- Typhimurium: 1,4,[5],12:i:1,2

Ẹ wo méjì àkọ́kọ́ dáadáa. Ẹgbẹ́ D ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá rí ẹgbẹ́ D tó sì kọ táífọ́ọ̀dù lè jẹ́ pé Enteritidis láti inú ẹyin ló wà níwájú rẹ̀. Gáàsì inú TSI àti H ni yóò yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni Vi nìkan kò tó: Citrobacter freundii mìíràn ní Vi, ó sì máa ṣù pọ̀ fún yín. Ìdí tí antisera fi kẹ́yìn nìyí, lẹ́yìn tí lysine ti sọ̀rọ̀.

## Bí antisera kò bá sí

Ó wọ́n, kì í sì í sábà sí nílé. Ẹ má fi ìyẹn bojú jẹ́. Ẹ lè kọ “Salmonella sp.” bí gbogbo àyẹ̀wò tó kù bá bára mu, kí ẹ sì kọ àwọn àyẹ̀wò náà síbẹ̀ kí olùkà rí i. Bí ẹ bá nílò sẹ́róvà, ẹ gbìn ín sórí nutrient agar tó dagun nínú túùbù, ẹ dì í dáadáa, ẹ fi túùbù náà sínú ìkòkò mìíràn tí kò lè fọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí láàbù tó ní antisera. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbé e. A kì í kàn gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ Ìbàdàn láàárín èrò.

Nínú ìwé yín, “Salmonella enterica sẹ́róvà Typhi” ni kí ẹ kọ nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ tó máa kọ Salmonella Typhi. Lẹ́tà ńlá ni T rẹ̀, torí pé Typhi kì í ṣe ẹ̀yà.

## Ẹ̀yin tí Widal wà lọ́wọ́ yín

Ìwé Widal yín (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù) lè ka 1/160, kí ẹnìkan sì ti kọ oògùn fún yín. Ní ìlú tiwa, ẹni tí orí bá ń fọ́ fún ọjọ́ méjì ti di “málaríà pẹ̀lú táífọ́ọ̀dù”. Widal kì í rí bakitéríà kankan. Antibody inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wò, ìyẹn sì lè ti inú àìsàn àtijọ́ wá, tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára, tàbí Salmonella mìíràn tó ní O9 tàbí O12, tàbí ibà lásán. Widal ẹyọ kan kò lè sọ pé táífọ́ọ̀dù ni.

Ohun tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ dókítà ni gbígbin ẹ̀jẹ̀. Àgbàlagbà nílò nǹkan bí 8 sí 10 ml, kí wọ́n gbà á kí ẹ tó gbé oògùn apakòkòrò mì, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì dára jù. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ìgbẹ́ ti ń wúlò sí i. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín nítorí ohun tí ẹ kà níbí. Ẹ bá ẹni tó kọ ọ́ fún yín sọ̀rọ̀.

## Àwo tí ẹ ti lò

Gbogbo àwo, túùbù àti sláìdì gbọ́dọ̀ wọ autoclave ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí wọ́n tó jáde ní láàbù. Bí àpò bá kún, ẹ fi àkókò kún un, torí pé ooru kì í tètè dé àárín. Bí autoclave bá ti bàjẹ́, ìkòkò pírẹ́ṣà ńlá tó dé 15 psi lè ṣe iṣẹ́ náà, bí ẹ bá ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán kí ẹ tó dé ihò rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ sè é sínú ìwé láàbù, kí ẹ fọwọ́ sí i.